Abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ tí kì í sinmi

Ará àdúgbò wa kan ń wa tákísì láàárín Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti yí kọ́kọ́rọ́, abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ̀rọ kò tíì gbóná rárá. Abẹ̀bẹ̀ náà kò dúró títí di alẹ́. Wọ́n ní kí ó ra òmíràn. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi rà á. Tuntun náà ń yí bákan náà. Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ti wá.

Ọkọ̀ tí Carl Benz ṣe ní ilẹ̀ Jámánì ní 1886 kò ní abẹ̀bẹ̀. Omi ló ń tu ẹ̀rọ rẹ̀ lára. Omi náà á hó, á di èéfín, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Awakọ̀ á sì máa bu omíràn sí i ṣáá. Ní oṣù kẹjọ 1888, Bertha ìyàwó Benz gbé ọ̀kan nínú ọkọ̀ náà jáde láì sọ fún baálé rẹ̀. Òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì rìn ju 100 kìlómítà lọ, láti Mannheim dé Pforzheim. Ní ojú ọ̀nà, wọ́n ń dúró wá omi bí ẹni tí ń da ẹran.

Ní 1900, Wilhelm Maybach ṣe radiatẹ́ẹ̀ tuntun fún ọkọ̀ Mercedes. Ó to ọ̀pá kéékèèké tí ó lé ní 8,000 pọ̀ bí afárá oyin. Afẹ́fẹ́ ń gba inú wọn, omi ń ṣàn láàárín wọn. Ó fi abẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó máa fa afẹ́fẹ́ wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́.

Nínú Ford T tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1908, ọ̀já ni wọ́n fi so abẹ̀bẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, abẹ̀bẹ̀ ń yí, ìbáà ṣe òtútù, ìbáà ṣe ooru. Ní ìgbà náà, abẹ̀bẹ̀ tí kì í sinmi kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ agbára ẹ̀rọ, ó ń jẹ ẹsáǹsì, ó sì ń pariwo.

Àwọn àgbà awakọ̀ wa mọ Peugeot 404 ti 1960 àti 504 ti 1968. Àwọn Faransé fi irin òòfà sí ìdí abẹ̀bẹ̀ wọn. Ohun kékeré kan wà tí ó ń mọ bí omi ṣe gbóná. Àwọn mẹkaníkì ń pè é ní tẹmókontà. Bí omi bá gbóná, tẹmókontà á jẹ́ kí iná kọjá, òòfà á di abẹ̀bẹ̀ mú, abẹ̀bẹ̀ á yí. Bí omi bá tutù, òòfà á tú u sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá ń gbé ẹ̀rọ sí ìbú nínú ọkọ̀, bí ti Peugeot 205 ti 1983, abẹ̀bẹ̀ gba ẹ̀rọ iná tirẹ̀. Tẹmókontà ń ké sí rẹlẹ́, rẹlẹ́ ń fún abẹ̀bẹ̀ ní iná.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ará àdúgbò wa wà. Abẹ̀bẹ̀ kì í pàṣẹ fún ara rẹ̀. Bí kò bá sinmi, ẹni tí ń rán an níṣẹ́ ni kí á wò. (Bí ó bá yí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa ọkọ̀, ìyẹn kò burú.) Kí á kọ́kọ́ pa kilimá inú ọkọ̀, nítorí òun náà ń pe abẹ̀bẹ̀. Kí á wo omi nígbà tí ẹ̀rọ bá tutù. Ẹ má ṣí radiatẹ́ẹ̀ gbígbóná láé. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ àti aṣọ yín jìnnà sí abẹ̀bẹ̀, nítorí ó lè yí nígbà tí ẹ̀rọ ti kú.

Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ẹ tú okùn iná tẹmókontà. Bí abẹ̀bẹ̀ bá dúró, tẹmókontà ló bàjẹ́. Bí kò bá dúró, rẹlẹ́ ló lẹ̀ mọ́ra, tàbí ẹnì kan ti so abẹ̀bẹ̀ mọ́ iná tààrà. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti dá ọkọ̀ náà padà sí 1908. Ọkọ̀ tí ó ní kọ̀ǹpútà yàtọ̀: bí okùn ohun tí ń mọ ooru bá já, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò máa yí abẹ̀bẹ̀, kí ẹ̀rọ má bàa jóná.

Ti ará àdúgbò wa, rẹlẹ́ ni. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Abẹ̀bẹ̀ àtijọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ìyẹ̀wù rẹ̀, kò ní àbùkù kankan.