Orí Bíbẹ́ Kọ́: Ara Yíyún Ọmọ Ọwọ́ àti Oorun Ìyá

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn àgbà kì í pa òwe yìí fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí ìnira ti sú, tó ń wá ohunkóhun tí yóò dá a dúró kíá, ni wọ́n ń pa á fún. Ìyá tí ara yíyún ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kó fojú ba oorun wà lára wọn. Ní aago méjì òru, kò sí ohun tí wọ́n ní kó fi pa ọmọ lára tí kò ní fẹ́ dán wò.

Ohun tó sábà ń fa irú ara yíyún yìí ni àrùn awọ tí wọ́n ń pè ní ẹ́kísímà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti orí, kó tó dé apá àti ẹsẹ̀. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, ó lè má pọ́n rárá: ojú ibẹ̀ á ṣú tàbí kó ní àwọ̀ eérú, á sì rí ṣákiṣàki lọ́wọ́. Ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń họra á máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbo èjìká ìyá rẹ̀.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní ti ọmọ tó ní ẹ́kísímà, ògiri ara rẹ̀ ti lanu: omi ń gbẹ kúrò nínú awọ, ọṣẹ àti lọ́fínńdà sì ń ráyè wọlé. Ara á yún un, á họ ọ́, híhọ náà á tún dá kún yíyún. Òru ló ń le jù, nítorí ara ń móoru lábẹ́ aṣọ, kò sì sí eré tí yóò gbé ọkàn ọmọ kúrò níbẹ̀.

Ìgbà náà ni orí bíbẹ́ ń dé. Òmíràn á fi omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn gbo ọmọ, á sì bó ìwọ̀nba òróró tó kù lára rẹ̀ dànù. Òmíràn á ra ìpara tí wọ́n pò mọ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù líle bíi clobetasol. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ara á jọ̀lọ̀, ibẹ̀ ló ti ń tanni. Bó bá pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́, oògùn náà á sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Dókítà lè kọ sítẹ́rọ́ọ̀dù tí kò le, bíi hydrocortisone 1%, fún ọmọ, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tí yóò ní kí wọ́n dá a dúró. Èyí tó burú jù ni oògùn ikọ́ tí ń kunni lóorun, tí àwọn kan ń fún ọmọ kó lè sùn. Ó lè dín èémí ọmọ kù.

Ìtọ́jú tó yẹ kò le. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwẹ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà. Ẹ fi táwẹ̀lì tẹ omi ara ọmọ gbẹ díẹ̀, ẹ má gbo ó. Kó tó gbẹ tán, ẹ fi fásélìn lásán pa á látòkè délẹ̀, ẹ sì máa pa á bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ gé èékánná rẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ ní aṣọ òwú fẹ́lẹ́. Bí ojú ibi tó ń yún ọmọ bá ń ṣomi, tàbí tí ibà bá dé, ilé ìwòsàn ló kàn. Bó bá jẹ́ gbogbo ilé ni ara ń yún lóru, ó lè jẹ́ ìfọ́n, gbogbo yín lẹ ó jọ gba ìtọ́jú.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dàgbà kúrò nínú ẹ́kísímà, àmọ́ kì í ṣe lọ́sẹ̀ kan. Nítorí náà, kí bàbá tàbí ìyá àgbà gba ọmọ di ààjìn, kí ìyá rí oorun sùn. Ẹni tó sùn ló ń ní sùúrù fásélìn ojoojúmọ́.