Láti Maja Maja Dé Hẹ́límẹ́ẹ̀tì Igbá

Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà láti Agbowó lọ sí Bódìjà rí mọ bó ṣe máa ń rí. Micra dúró lójijì torí èrò kan nawọ́. Ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ já gba apá ọ̀tún, níbi tí èrò mìíràn ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bú ara wọn, kálukú bá tiẹ̀ lọ. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ara ọwọ́ ọ̀kadà ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ rò pé bí nǹkan ṣe rí látilẹ̀wá nìyẹn, pé ọmọ Nàìjíríà kò lè tẹ̀ lé òfin títì. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà nílẹ̀ wa, bíi ti ìlú Ọba. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo orílẹ̀-èdè bọ́ sápá ọ̀tún. Ẹ rò ó wò ná: gbogbo awakọ̀, láti Dùgbẹ̀ dé Kánò, yí àṣà tó ti mọ́ wọn lára padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Láàárín ọdún mélòó kan sígbà yẹn, owó epo rọ̀bì dé, ọkọ̀ pọ̀ sí i, òkú náà sì pọ̀ sí i. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ lọ́dún 1974, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́dún 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ọ̀ṣun òde òní ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tiẹ̀ sílẹ̀. David Jẹ́mibẹ́wọ̀n ni gómìnà ológun; Wọlé Ṣóyíinká, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ti pa akẹ́kọ̀ọ́ kọjá ohun téèyàn lè máa wò níran. Àwọn ará ìlú sọ àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí ní Maja Maja. Ìwà àwọn awakọ̀ yí padà débi pé ó hàn, títí ìjọba àpapọ̀ fi tú ẹgbẹ́ náà ká lọ́dún 1983. Lọ́jọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ kan náà fi òfin ológun 45 dá FRSC sílẹ̀, Ṣóyíinká náà ni wọ́n sì fi ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n dán wò níbí ló wá di ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Àmọ́ nǹkan mìíràn ti ń bọ̀. Lẹ́yìn tí SAP dé lọ́dún 1986, ọkọ̀ wọ́n, iṣẹ́ ò sí. Ẹni tó ní alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air làwọn èèyàn fi pè é, torí pé ó máa ń fò kọjá níbi tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ bá ti dá mọ́tò dúró. Ring Road àti Challenge kò ní ọ̀nà tiẹ̀ lọ́tọ̀ fún un. Àwa tá à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ irú ẹ̀ dáadáa: tẹ́ ẹ bá kọ ètò fún ẹgbẹ̀rún èèyàn, tí ọ̀kẹ́ márùn-ún já wọlé, yóò dákú, ẹ ò sì lè di gbogbo ẹ̀bi ru ẹni tó tẹ bọ́tìnnì.

Lọ́jọ́ kìíní ọdún 2009, FRSC ní kí gbogbo ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn wọn máa dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò, àwọn kan dé ike ọ̀dà. Ayé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n owó hẹ́límẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ jù fún ọlọ́kadà, èrò sì ń bẹ̀rù pé wọ́n ti fi oògùn sínú rẹ̀. Lọ́dún 1972, ẹni tó bá kọ̀ láti yí sápá ọ̀tún, ojú ẹsẹ̀ ló máa rí ìdí tí òfin fi wà. Ẹni tí kò dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì lè gùn ún fún ọdún mẹ́ta kó má rí nǹkan kan.

Dókítà ló ń rí i. Lọ́dún 1935, T. E. Lawrence, tí wọ́n fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù Lawrence of Arabia, fi alùpùpù ṣubú láì dé nǹkan kan, ó sì kú. Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó wà lára àwọn tó tọ́jú rẹ̀, gbé ìwádìí lórí orí àwọn ọlọ́kadà jáde lọ́dún 1941, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì dandan. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé hẹ́límẹ́ẹ̀tì gidi ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Ní UCH wa níbí, Latunde Odeku bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lọ́dún 1962; ẹ̀ka yẹn ṣì ń gba orí tó fọ́ lójú títì títí dòní.

Ìpínlẹ̀ Èkó yan ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 2012 wọ́n lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475, wọ́n tún fún òfin náà le lọ́dún 2020. Àwọn ọlọ́kadà kan wulẹ̀ gbé alùpùpù wọn wá bá wa n'Íbàdàn ni.

A ò lè lé wọn lọ sí ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ làwa náà ń gùn ún. Kí onímicra wo dígí ẹ̀gbẹ́ kó tó dúró, kí ọlọ́kadà má gba apá ọ̀tún ọkọ̀ tó ń sọ èrò. Kí àwa tá à ń gùn ún bèèrè hẹ́límẹ́ẹ̀tì ká tó dúnàá dúrà, ká so okùn rẹ̀ nídìí àgbọ̀n, ká sì kọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi èrò kejì kún wa. Tí ọlọ́kadà bá rí i pé èrò ń kọjá òun lọ torí hẹ́límẹ́ẹ̀tì, á ra méjì.