Dókítà Ògúntọ́lá Ṣàpárà àti Ìgbóná ní Èkó

Ẹ̀yin ọmọ Èkó nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ jẹ́ kí a rántí dókítà kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gba Massey Street kọjá kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ìlú Freetown ni a bí Ògúntọ́lá Ṣàpárà sí ní ọdún 1861. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí òwò ẹrú gbé dé Sàró. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí a sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó bọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà. Christopher Ṣàpárà Williams, agbẹjọ́rò, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀rí ìṣègùn ní Scotland ní 1895, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní 1896.

Ìgbóná ń pa ènìyàn nígbà náà. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú agboolé ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé a kì í dárúkọ àrùn náà ní gbangba. Olóde ni à ń pè é. Bí ó bá pa ènìyàn, àwọn aworo rẹ̀ ni wọ́n ń sin òkú, àwọn ni wọ́n sì ń kó ẹrù olóògbé lọ. A kì í sunkún, ṣe ni à ń dúpẹ́. Òyìnbó ń bupá fún àwọn ará ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń fi ọmọ pamọ́, nítorí ẹ̀rù Olóde ju ẹ̀rù ìjọba lọ.

Ṣàpárà ṣe ohun tí dókítà òyìnbó kankan kò lè ṣe. Ó wọ inú ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀nná ní ìkọ̀kọ̀, ó ń bá wọn jókòó, ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé àwọn kan nínú wọn a máa ha èépá ara aláìsàn, wọn a sì máa fi ran ẹlòmíràn. Èépá náà lè gbẹ, kí àrùn ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kú, ẹrù rẹ̀ di tiwọn. Ó ròyìn fún ìjọba, a sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà ní àwọn ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1900.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dun àwọn kan, wọ́n sì rí i sọ. Kì í ṣe gbogbo aworo ni ọ̀daràn. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú aláìsàn nígbà tí ará ilé bá sá. Ní ibi púpọ̀ ní Áfíríkà pẹ̀lú, àwọn baba wa ti ń fi èépá díẹ̀ sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, kí àrùn ńlá má baà mú un, kí bupá òyìnbó tó dé. Ṣàpárà fúnra rẹ̀ kò kẹ́gàn ìmọ̀ ilé. Ó kọ́ ewé àti egbò lọ́dọ̀ àwọn adáhunṣe, ó sì ń fi wọ́n wo aláìsàn.

Ohun tí ó dùn wá jù ni ti ìjọba. Ní 1902 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣègùn ìjọba sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì sé dókítà dúdú mọ́ta. Owó oṣù rẹ̀ kéré sí ti òyìnbó tí ó dé lánàá. Síbẹ̀ Ṣàpárà kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó wà lára àwọn tí wọ́n jà kí a dá ilé ìwòsàn Massey Street sílẹ̀. 1928 ni ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì kú ní 1935.

Ní Nàìjíríà, 1970 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ìgbóná mú. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán ní gbogbo ayé. Àpá bupá ṣì wà ní apá àwọn àgbà wa.