Erè Nínú Ilé Ọlọ́mọ: Ìtàn Láti Ouidah Dé Òkè Òkun

Ìfáàrà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ejò bá wọlé, igbe ni ọmọdé ń ké, igi ni àgbàlagbà ń wá. Bí ẹnìkan bá sọ fún abiyamọ pé kí ó jẹ́ kí ejò máa gbé inú yàrá tí ọmọ rẹ̀ ń sùn, wọn yóò bi onítọ̀hún bóyá orí rẹ̀ pé. Síbẹ̀, ìlú kan wà tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ejò ti ń wọlé tí ó sì ń jáde fún ohun tí ó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé igi sókè sí i. Ìlú náà ni Ouidah, ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, nítòsí òkun. Irú ejò yìí kan náà ni ó wà lónìí nínú àpótí gíláàsì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọmọdé ń fún lórúkọ, tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn, tí wọ́n sì ń pè ní ẹran ọ̀sìn wọn.

Ìbéèrè tí ó dìde ni pé: kí ni ó ń dáàbò bo ọmọdé nínú ilé tí ejò ń gbé? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé ìwà tútù ejò náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọ ìtàn ejò yìí láti Ouidah títí dé òkè òkun yóò rí i pé ìdáhùn yẹn kò tó.

Erè àti Òjòlá

Ejò tí kò ní oró, tí ó ń wé mọ́ ẹran tí ó sì ń fún un pa, ni Yorùbá ń pè ní erè tàbí òjòlá. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, irú méjì ni ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Èyí ńlá, tí àwọn onímọ̀ ẹranko ń pè ní Python sebae, lè gùn ju mítà 4 lọ. Ó lè gbé ewúrẹ́ mì. Èyí kékeré, tí wọ́n ń pè ní Python regius, kì í sábà gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Eku ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Inú ihò eku àti inú ògán ni ó ń fara pamọ́ sí lọ́sàn-án, òru ni ó sì ń jáde. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í sábà bá ènìyàn jà. Ṣe ni yóò ká ara rẹ̀ jọ roboto, tí yóò sì fi orí pamọ́ sí àárín. Ìdí nìyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi sọ ọ́ ní erè bọ́ọ̀lù.

Nínú àròkọ yìí, erè dúró fún èyí kékeré, òjòlá sì dúró fún èyí ńlá. Kí òǹkàwé fi ìyàtọ̀ náà sọ́kàn, nítorí yóò wúlò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ilẹ̀ òkèèrè.

Erè ní Ìlú Ouidah

Ní nǹkan bí ọdún 1700, Ouidah wà lábẹ́ ìjọba Hueda, tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Savi. Òrìṣà tí ó gbajúmọ̀ jù láàárín wọn ni Dangbe, erè sì ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Oníṣòwò ará Họ́láńdì kan, Willem Bosman, kọ ìwé kan nípa etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó jáde ní ọdún 1704, níbi tí ó ti ròyìn ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ níbẹ̀. Òwò ẹrú ni Bosman bá wá sí etíkun yìí, kò sì fi ojú rere wo ẹ̀sìn àwọn ará ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé rẹ̀ ní láti fi ọgbọ́n kà á. Síbẹ̀, òun ni ó jẹ́ kí ayé òde òní mọ bí òfin Dangbe ṣe le tó nígbà náà.

Gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ní ọdún 1697, ẹlẹ́dẹ̀ kan pa ejò mímọ́ kan, ó sì jẹ ẹ́. Àwọn àwòrò gbé ẹjọ́ lọ bá ọba, àṣẹ sì jáde pé kí wọ́n pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ ìlú. Àwọn ènìyàn gbé idà àti kùmọ̀, wọ́n sì pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ súà kí ọba tó dá wọn dúró. Ó tún ròyìn pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀, wọ́n rí ejò nínú ilé tí wọ́n wọ̀ sí, wọ́n sì pa á láìmọ̀. Ẹ̀mí wọn ni wọ́n fi dí i.

Kì í ṣe ẹ̀sìn nìkan ni ó wà nídìí òfin yìí. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Hueda, eku sì jẹ́ ọ̀tá àgbẹ̀ lóko àti nínú àká. Ejò tí ó ń wọ ilé lọ́wọ́ alẹ́ láti pa eku ń ṣe onílé ní oore. Ohun mìíràn ni pé òfin náà kò kan gbogbo ejò. Dangbe nìkan ni ó ní ọ̀wọ̀. Paramọ́lẹ̀ àti sèbé kò sí lára rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí a bí sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní láti tètè mọ ejò kan yàtọ̀ sí èkejì. Ó ní láti mọ̀ pé a kì í lu Dangbe, pé a kì í sé e mọ́lé, àti pé bí ó bá wọ yàrá, àgbàlagbà ni a ń pè láti dá a padà sí ilé òrìṣà. Àlejò ni ejò náà, àlejò sì ní ìlànà tí a fi ń gbà á.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ ìtàn yìí bí ẹni pé adùn nìkan ni ó wà níbẹ̀ fún ọmọdé. Bosman kan náà ròyìn pé a máa ń mú àwọn ọmọbìnrin kan, tí wọ́n sọ pé ejò ti fọwọ́ kàn, lọ sí ilé kan láti gbé ibẹ̀ fún oṣù mélòó kan, àti pé òbí wọn ni ó ń san gbogbo ohun tí ìtọ́jú náà bá gbà. Ọ̀wọ̀ tí ìlú ní fún ejò dáàbò bo ejò náà pátápátá. Ọmọdé kò rí irú ààbò kan náà gbà nígbà gbogbo.

Ọdún 1727 àti Ohun Tí Ó Tẹ̀lé E

Ní ọdún 1727, Agaja, ọba Dàhòmì, ṣẹ́gun Hueda, ó sì gba Savi. Ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí òun náà jẹ́ olówò ẹrú, William Snelgrave, dé agbègbè náà ní ọdún yẹn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1734 pé àwọn ọmọ ogun Dàhòmì bá erè tí ó pọ̀ nínú ilé, wọ́n fi wọ́n ṣe ẹ̀sín pé bí wọ́n bá jẹ́ òrìṣà kí wọ́n gba ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ́ wọn lórí, wọ́n sun wọ́n nínú iná, wọ́n sì jẹ wọ́n. Ejò tí ó ti ń sùn lábẹ́ òrùlé àwọn ènìyàn fún ìgbà pípẹ́ kò mọ̀ pé àwọn tí ó wọlé lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀sìn Dangbe kò parun síbẹ̀. Dàhòmì fúnra rẹ̀ fàyè gbà á nígbà tí ó yá, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé ọ̀wọ̀ ejò kọjá òkun. Ní Brazil, Dan ti àwọn Fọn àti Òṣùmàrè ti Yorùbá pàdé ara wọn; ilé òrìṣà kan tí a mọ̀ bí ẹni mowó ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ń jẹ́ Casa de Oxumarê títí di òní. Ní Ouidah, ilé erè ṣì dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. A máa ń jẹ́ kí àwọn ejò náà jáde lálẹ́ láti wá eku, ẹni tí ó bá sì rí ọ̀kan nílé rẹ̀ yóò gbé e padà.

Láti Ògán Dé Àpótí Gíláàsì

Ní àwọn ọdún 1970, erè di ọjà. Tógò, Benin àti Gánà ni wọ́n ti ń kó o jù. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà máa ń wa ihò láti mú abo tí ó lóyún tàbí tí ó wé mọ́ ẹyin rẹ̀. Wọ́n ń pa ẹyin náà sí ọgbà ejò, wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Abo kan kì í sábà yé ju ẹyin 11 lọ, nǹkan bí oṣù méjì ni ó sì fi ń wé mọ́ wọn. Àdéhùn àgbáyé tí a ń pè ní CITES ń ṣọ́ òwò yìí, ṣùgbọ́n iye tí ó ti jáde kúrò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ju mílíọ̀nù kan lọ dáadáa.

Ní ọdún 1992, ọlọ́sìn kan ní Amẹ́ríkà, Bob Clark, mú kí erè àfín pọ̀ sí i lábẹ́ àtọ́jú fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni àwọ̀ oríṣiríṣi ti ń jáde, tí iye owó sì ń ga. Ejò tí kò tóbi, tí kò ní oró, tí kò sì ń pariwo, wá di ohun tí òbí lè rà fún ọmọ ní ọjọ́ ìbí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùrà kò rò ni bí ẹ̀mí erè ṣe gùn tó. Ọgbà ẹranko ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà gba abo erè kan lọ́wọ́ ẹnìkan ní ọdún 1961. Ní oṣù keje ọdún 2020, erè náà yé ẹyin 7, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́dọ̀ akọ fún ọdún tí ó ju 15 lọ. Wọ́n ṣírò pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ọdún 62. Lóòótọ́, púpọ̀ jù lọ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ogún ọdún sí ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ohun ìyanu. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó gba erè lẹ́bùn lè ti di òbí kí ejò náà tó kú. Bí ó bá lọ sí yunifásítì, ta ni yóò máa bọ́ ọ?

Nígbà Tí Ààlà Já

Àwọn ìdílé kan kò dúró sórí erè kékeré. Ní Florida, ní ọdún 2009, ejò ńlá kan tí ó jẹ́ ìbátan òjòlá, tí ó wá láti Éṣíà, jáde láti inú àpótí tí wọ́n fi aṣọ lásán bò, ó sì pa ọmọbìnrin ọdún méjì lórí ibùsùn rẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé ó ti tó oṣù kan tí ejò náà ti jẹun kẹ́yìn. Ilé ẹjọ́ dá ìyá ọmọ náà àti ọkùnrin tí ó ń bá gbé lẹ́bi ní ọdún 2011, wọ́n sì lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 12. Ní Kánádà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, òjòlá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gan-an gba ihò afẹ́fẹ́ jáde, ó sì pa àwọn ọmọkùnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n wá sùn sí ilé ọ̀rẹ́ wọn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 6, èkejì ọmọ ọdún 4. Ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ dá ẹni tí ó ni ejò náà sílẹ̀.

Láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, ní ọdún 2012, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de kíkó òjòlá àti àwọn ejò ńlá mìíràn wọ orílẹ̀-èdè náà. Erè kékeré kò sí nínú òfin yìí.

Síbẹ̀, erè kékeré náà ní ewu tirẹ̀ fún ọmọdé. Ejò tí ara rẹ̀ yá lè gbé kòkòrò àrùn salmonella sínú ìfun, kí ó sì ti ibẹ̀ dé awọ rẹ̀ àti inú àpótí rẹ̀. Kòkòrò yìí ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, ó sì máa ń le jù lára ọmọ kékeré tí ń fi ọwọ́ sẹ́nu. Irú àìsàn yìí ni ó mú kí Amẹ́ríkà dá títa ìjàpá kéékèèké, tí igbá ẹ̀yìn wọn kò tó ínṣì 4, dúró ní ọdún 1975. Àjọ CDC tí ń rí sí ìdènà àrùn níbẹ̀ gbà wọ́n nímọ̀ràn pé ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 bá wà kò yẹ fún ejò rárá. Ní England àti Wales, òfin ọdún 2006 kò gbà kí a ta ẹranko fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Àgbàlagbà ni òfin di ẹrù ìtọ́jú rẹ̀ lé lórí.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá gbé Ouidah àti àpótí gíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n jọra ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ní Ouidah, gbogbo ìlú ni ó mọ irú ejò tí a gbà láàyè, ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀, àti ibi tí ó gbọdọ̀ padà sí. Nínú ilé kan ní London tàbí Atlanta, ìdílé kan ṣoṣo ni ó ní láti ṣe gbogbo èyí: kí wọ́n mọ erè yàtọ̀ sí òjòlá, kí wọ́n ti àpótí náà pa, kí wọ́n bọ́ ọ lásìkò, kí ọmọ má ṣe gbé e láìsí àgbàlagbà níbẹ̀, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Ejò kì í mọ ọmọ olówó rẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ àlejò. Kò kórìíra rẹ̀, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ebi, ooru àti ẹ̀rù ni ó ń darí rẹ̀.

Ọmọ tí ó bá dàgbà pẹ̀lú erè lè kọ́ sùúrù, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù tí kò nídìí. Ṣùgbọ́n ọmọdé kọ́ ni yóò ṣọ́ ẹnu àpótí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Florida, àgbà méjì wà nínú ilé, aṣọ ni ó sì wà lórí àpótí.