Ìwé Pélébé Tó Ń Ṣáájú Ẹ̀wà Dé Òkè Òkun

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó ná. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, EU ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà. Ẹ̀wà gbígbẹ ni o, irú èyí tí ìyá yín máa ń ṣà lórí atẹ. Wọ́n ní ọdún kan péré ni. Nígbà tó di 2016, wọ́n fi ọdún mẹ́ta lé e. Ọdún mẹ́ta yẹn pé, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ìtàn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ẹ má sáré kọjá.

2/ Kí ni wọ́n rí nínú ẹ̀wà náà? Oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ dichlorvos. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tápíápíá tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà. Ohun tí òfin EU gbà ni 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó gòkè dé 4.6. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 460 ohun tí òfin gbà.

3/ Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde níbí, ohun tí mo máa ń kà lábẹ́ ẹ̀ ni "òyìnbó kórìíra wa". Ó dùn ún sọ. Àmọ́ láti 2013 ni wọ́n ti ń ṣí àpò ẹ̀wà wa wò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn ò ṣàdédé jí lọ́jọ́ kan. Tèmi ni pé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé ni, ìwé pélébé sì ni ìgbẹ́kẹ̀lé náà fi ń rìn láti ibùdókọ̀ ojú omi kan dé òmíràn.

4/ Orúkọ ìwé náà ni phytosanitary certificate. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Ohun tó ń sọ ò ju báyìí lọ: àwa ìjọba orílẹ̀-èdè yìí ti yẹ ẹrù yìí wò, kòkòrò àti àrùn tẹ́ ẹ ní ẹ ò fẹ́ kò sí nínú ẹ̀. Ẹni tó ń ra ọjà ní Rotterdam ò mọ àgbẹ̀ tó wà ní Òkè Ọya, kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé. Ìwé yẹn ló ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

5/ Nílé wa, Nigeria Agricultural Quarantine Service, NAQS, ló ń fún èèyàn ní ìwé yìí. Òfin ọdún 2017 ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ bó ṣe wà lónìí, àmọ́ iṣẹ́ náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti oògùn inú oúnjẹ ní àyẹ̀wò tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ìpìlẹ̀ kan náà ṣá ni: ẹni tó ń tà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ọjà ẹ̀ wò, kí ẹni tó ń rà má bàa bá a yẹ̀ ẹ́ wò tìtìjú-tìtìjú.

6/ Quarantine tí gbogbo wa kọ́ nígbà Kòrónà, Ítálì ló ti wá. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ayé ìgbà náà, tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Venice, ó ní láti dúró lójú omi fún ogójì ọjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sílẹ̀. Ogójì ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí.

7/ Ti irè oko ńkọ́? Láàárín àwọn ọdún 1860, kòkòrò bíńtín kan tó ń jẹ́ phylloxera bá igi àjàrà láti Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Faransé. Gbòǹgbò ló ń mu. Oko àjàrà kú lọ rẹpẹtẹ, ilé ayé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì dàrú. Ní 1878, àwọn orílẹ̀-èdè kan pàdé ní Bern, ní Switzerland, wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé lórí bí igi àjàrà á ṣe máa kọjá ẹnubodè. Ní 1951, àdéhùn tó kan irè oko gbogbo jáde lábẹ́ FAO. Inú àdéhùn yẹn ni irú ìwé ẹ̀rí tí gbogbo ayé ń lò ti wá.

8/ Ṣé ẹ rí i? Òfin yìí ò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Ojú àwọn náà ti rí màbo kí wọ́n tó gbọ́n.

9/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ̀ wálé, sórí kòkó. Láyé ìjọba amúnisìn, kòkó ò gbọdọ̀ wọkọ̀ láìjẹ́ pé inspector yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á la kóró sí méjì, wọ́n á wò ó bóyá ó bu, bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, bóyá ó sé dáadáa. Ẹ bi àwọn àgbà yín tó ṣòwò kòkó bí gíréèdì ṣe máa ń jẹ́. Ẹ̀rù inspector máa ń ba ẹni tó bá fi omi gbé ìwọ̀n sókè.

10/ Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé. Ní 1944, wọ́n rí àrùn swollen shoot lára kòkó lágbègbè Ìbàdàn. Ẹ̀ka igi á wú, igi á sì kú díẹ̀díẹ̀. Kò ní oògùn títí dòní. Ohun tí ìjọba mọ̀ ni pé kí wọ́n gé igi tó ní àrùn lulẹ̀ kó má bàa ran ìyókù. Lójú onímọ̀, ó bọ́gbọ́n mu. Lójú àgbẹ̀ tó ń rí èso lórí igi yẹn, àwọn èèyàn kan kàn wá ń fi àdá pa owó iléèwé ọmọ ẹ̀ ni.

11/ Àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn kọ̀ jálẹ̀. Ẹgbẹ́ Máyégún dìde láti bá a jà, ọ̀rọ̀ náà di òṣèlú, nígbà tó sì di 1950 ìjọba ní láti dá gígé tipátipá dúró. Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn: ààbò irè oko tí wọn ò bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ sí, tí wọn ò sanwó ìtánràn tó tó fún, àgbẹ̀ náà ni yóò kọ́kọ́ lé e dànù.

12/ Èyí tó dáa náà wà o. Àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tó dà bí ìyẹ̀fun gba Gúúsù Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ó dojú kọ ẹ̀gẹ́. Gàárì àti láfún fẹ́ di ìtàn. IITA tó wà n'Ìbàdàn wá ọ̀tá ẹ̀ lọ, wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay ní 1981. Wọn ò kàn gbé e sínú báàgì wá. Wọ́n kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó má bàa gbé wàhálà mìíràn dání, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Agbọ́n yẹn ṣiṣẹ́. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba World Food Prize ní 1995.

13/ Ẹ wo kòkó náà. Tí orílẹ̀-èdè kan bá fẹ́ irú kòkó tuntun láti ibòmíì, ibùdó kan wà ní Yunifásítì Reading, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n á ti tọ́jú igi náà fún nǹkan bí ọdún méjì, tí wọ́n á máa wò ó bóyá ó ní àrùn. Ọdún méjì nítorí igi kan! Wọ́n mọ ohun tí àìbìkítà ń ná èèyàn ni.

14/ Ṣé ẹ mọ̀ pé zobo wa ń lọ sí Mẹ́síkò? Òdòdó ìsápá pupa yẹn ni. Àwọn náà fẹ́ràn omi ẹ̀, agua de Jamaica ni wọ́n ń pè é. NAQS ní láàárín oṣù mẹ́sàn-án ọdún 2017, kọ̀nténà 1,983 lọ síbẹ̀, owó ẹ̀ tó mílíọ̀nù 35 dọ́là. Ọdún yẹn náà ni Mẹ́síkò dá a dúró, torí kòkòrò tí wọ́n bá nínú ẹrù. Kòkòrò tó wọ inú àpò nínú ilé ìkẹ́rùsí lásán.

15/ Ẹ̀wà àti ìsápá ń sọ ohun kan náà láti ọ̀nà méjì. Tó o bá sá fún kòkòrò, tó o da oògùn sí i yàà, wọ́n á dá ọ padà. Tó ò bá sì ṣe nǹkan kan, kòkòrò á jáde níbẹ̀, wọ́n á dá ọ padà náà. Ọ̀nà tó wà láàárín ni ìtọ́jú láti oko, kì í ṣe ní ẹnu ibodè. Ẹni tó bá dúró de Apapa kó tó yẹ ẹ̀wà wò, ó ti pẹ́.

16/ Ìyẹn náà ò sì nira tó bẹ́ẹ̀. Àpò onípele mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Tí ẹ̀wà bá gbẹ dáadáa, tó o so ó pa, afẹ́fẹ́ á tán nínú ẹ̀, kòkòrò á kú fúnra ẹ̀. Kò sí ìṣó oògùn kankan. Yunifásítì Purdue àti àwọn onímọ̀ ní Kamẹrúùnù ló jọ ṣe é láti àwọn ọdún 1980. Ó ti wà kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

17/ Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù rèé. Ẹ̀wà tí EU ò gbà, ṣé ẹ rò pé wọ́n sun ún níná ni? Dichlorvos tí wọ́n sọ pé kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ wọn, mọ́ínmọ́ín wa ló ń wọ̀, àkàrà wa ló ń wọ̀. Iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ló ń ṣí ọjà òkè òkun fún àgbẹ̀ wa, àmọ́ àwa ni ọjà tó súnmọ́ ọn jù.

18/ Torí náà, nígbà míì tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n dá ẹrù wa padà, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ló yẹ̀ ẹ́ wò nílé, kí ló sì rí? Tẹ́ ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí tó ń kó ẹ̀wà pamọ́, ẹ sọ fún un nípa àpò onípele mẹ́ta. Ẹ bá mi pín in dé ọ̀dọ̀ wọn.