Iná Kì í Jó Kó Wọ Odò

“Iná kì í jó kó wọ odò.” A sábà máa ń pa òwe yìí láti sọ pé kò sí wàhálà tí kò níbi tí yóò mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa á, ohun tó rí lóko ló sọ. Nínú ẹgàn tó yí Àkúrẹ́ àti Oǹdó ká, odò nìkan kọ́ ló ń pa iná. Ìbòòji bo ilẹ̀ abẹ́ igi, ìràwé rẹ̀ kì í gbẹ dénú. Iná tó bá ti oko ẹ̀gẹ́ wọ ibẹ̀ á rú èéfín díẹ̀, á sì kú. Àmọ́ nígbà ọyẹ́, ẹni tó sá aṣọ ní Ìsìkàn l'Àkúrẹ́ lè ká a tòun ti màjàlà, láìmọ oko tó ti fò wá.

Ohun kan tó ti yí padà ni ooru: láàárín 2011 sí 2020, ayé fi 1.1 °C gbóná ju bó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900. Ó jọ ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fi 1 °C gbóná sí i, omi tó lè gbà á fi bí ìdá 7 nínú 100 lé sí i. Bí kò bá rí i gbà, ara ewé àti ilẹ̀ ni yóò ti fà á. Òjò ọdún lè pé bó ṣe ń pé tẹ́lẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn sì ti sọ ìràwé di ìṣáná.

Gánà rí i ní 1983. Ọ̀dá mú, iná ran oko kòkó, ìkórè 1983/84 sì já wálẹ̀ dé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 159,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí kò tó nǹkan tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ wà nínú ohun tó fà á. Iná oko kòkó kì í ga. Orí ìràwé ló ń rá, ó lè má ju orúnkún lọ. Èèpo igi kòkó fẹ́lẹ́, èyí tó tutù yọ̀yọ̀ lónìí lè wọ́wé tó bá yá. Sátẹ́láìtì kì í sábà rí irú iná bẹ́ẹ̀, torí ewé òkè bò ó. Ẹni tó bá gbára lé àwòrán ojú ọ̀run nìkan á ní ọ̀dàn Àkókó ló wà nínú ewu, bẹ́ẹ̀ koríko ọ̀dàn tó jó, òjò díẹ̀ ni yóò tún mú un hù.

Èmi ò sì ní di gbogbo ẹ̀bi ru ojú ọjọ́. Àwọn agégẹdú ti ṣí orí igbó ọba sílẹ̀, ní Olúwa, ní Ìdànrè. Ibi tí oòrùn bá ti wọlé, ewé Akíntọ́lá á bo ibẹ̀ (àwọn mìíràn ń pè é ní Awólọ́wọ̀, òṣèlú bá wa débẹ̀), á sì gbẹ lórí ìdúró nígbà ọyẹ́. Ọdẹ àti àgbẹ̀ ló kù tí yóò ṣáná sí i.

Àwọn ará Kánádà ní òṣùwọ̀n kan, Fire Weather Index, tó ń pa ooru, ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ àti òjò pọ̀ láti sọ bí ewu iná ṣe tó lójoojúmọ́. Igbó tiwọn ni wọ́n fi dán an wò. A ò lè kàn gbé e wọ ẹgàn. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ l'Àkúrẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ní àwọn tó ń kọ́ nípa ojú ọjọ́ àti àwọn tó ń kọ́ nípa igbó. Kí wọ́n ṣa ìràwé lábẹ́ kòkó, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi ààrò gbẹ ẹ́, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí wọ́n lè mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe tó. Ọ̀sán gangan ni kí wọ́n ṣà á, torí ìrì òwúrọ̀ a máa tanni.