Igi Ojú Fèrèsé

Nígbà tí màámi wá kí mi nílé tuntun tí mo gbà n'Íbàdàn, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi tẹjú mọ́ fèrèsé pálọ̀ mi. Irin kọ́ ni mo fi kọ́ kọ́tìnì síbẹ̀. Ẹ̀ka igi tíìkì ni, tòun ti èèpo lára. Aládùúgbò kan ló gé igi náà lulẹ̀, mo wá mú ẹ̀ka kan tó tọ́ níbẹ̀, mo fi okùn so ó mọ́ ìṣó méjì lára ògiri. Mo ti rí irú ẹ̀ lórí Pinterest, ó sì wù mí.

"Àlàbí, ṣé kò sówó lọ́wọ́ ẹ ni?"

"Owó wà, Màámi. Ó kàn wù mí bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n mi orí. "Mo ta aṣọ kí n tó rówó yọ igi kúrò lójú fèrèsé. Ìwọ wá lọ fọwọ́ ara ẹ gbé e padà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Tí kóòdù bá dà wá lójú rú, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé ká yẹ ìtàn rẹ̀ wò: ta ló kọ ọ́, ìgbà wo ló kọ ọ́, kí ló sì fà á? Bí mo ṣe ṣe ọ̀rọ̀ igi yìí náà nìyẹn.

Orí fèrèsé fúnra rẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Samuel Johnson, tó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní ọdún 1897, tí wọn ò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàpèjúwe agbo ilé fún wa: ilé alámọ̀ tó yí àgbàlá ńlá ká, tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, tí ìdílé púpọ̀ sì ń gbé inú ẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn èèyàn ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò. Ti oorun àti ti ẹrù ni yàrá. Ó máa ń ṣókùnkùn, fèrèsé ò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ilé tí kò ní fèrèsé, kí ló fẹ́ fi kọ́tìnì ṣe?

Àmọ́ igi ti wà nínú ilé yẹn tipẹ́. Igi ló gbé òrùlé dúró, igi ló wà nínú àjà. Igi ni àwọn obìnrin fi ń ṣe òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ. Orí ọparun ni aláró ń sá aṣọ sí kó lè gbẹ. Bí a bá ní ká fi igi kọ́ aṣọ, kì í ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni ní láti wá kọ́ wa.

Àwọn Àgùdà ló jẹ́ kí fèrèsé ńlá gbòde. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìde ogun ní Bahia ní ọdún 1835, ìjọba Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í fúngun mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gbòmìnira padà sílé, sí Èkó, sí Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn létí òkun. Káfíńtà wà nínú wọn, bíríkìlà wà nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí l'Ékòó ní ọdún 1894. Ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Pópó Àgùdà kọjú sí títì, pẹ̀lú fèrèsé gíga onípákó. Nígbà tó di ọ̀rúndún ogún, owó kòkó gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ àwọn ìlú òkè.

Ilé tó kọjú sí àgbàlá, ẹbí ló ń rí inú ẹ̀. Èyí tó kọjú sí títì, gbogbo ayé ló ń yọjú wò ó. Nígbà náà ni aṣọ ojú fèrèsé wá di dandan. Olówó ra irin tàbí idẹ. Ẹni tí kò lówó gé ọparun. Ibẹ̀ ni ọ̀pá tí aṣọ wà lórí ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa onílé.

Ká má parọ́, kì í ṣe àwa nìkan là ń bo igi mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé Ẹ́kísódù á rántí pé òpó igi ni wọ́n fi aṣọ ìkélé àgọ́ kọ́ sí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n fi wúrà bo igi náà.

Ọmọ agbẹ̀ kòkó ni màámi, nílé tí wọ́n ti ń fi ọparun kọ́ aṣọ. Ọparun náà ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n dé ìlú, nínú yàrá kan ṣoṣo ní ilé face-me-I-face-you, ibi tí wọ́n bí mi sí. Kọ́tìnì méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan lójú fèrèsé, ọ̀kan láàárín yàrá tó ya bẹ́ẹ̀dì wọn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwa ọmọ. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan wo ọparun yẹn, ó rẹ́rìn-ín. Kò sọ nǹkan kan o, ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Oṣù yẹn ni màámi ta aṣọ òkè wọn kan, wọ́n sì ra irin méjì.

Ní òdìkejì òkun, àwọn kan ń ṣe òdìkejì ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1870, William West Durant, ọmọ olówó rélùwéè, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìsinmi sínú igbó Adirondack ní ìpínlẹ̀ New York. Ìtì igi tí wọn ò bó ni ògiri ilé wọ̀nyẹn, ẹ̀ka igi tòun ti èèpo ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ àti àga. Ọ̀kan nínú wọn ni Sagamore, tó parí ní 1897. Alfred Vanderbilt, tó wà lára àwọn olówó jù lọ l'Amẹ́ríkà nígbà náà, ló rà á ní 1901. Kò sí àlejò tó dé Sagamore tó máa rò pé owó irin ló wọ́n Vanderbilt. Àwòrán tí mo rí lórí Pinterest, ọmọ ìyá àṣà yẹn ni.

Mo sọ gbogbo èyí fún màámi. Wọ́n gbọ́ ọ parí. Wọ́n wá dìde, wọ́n fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka náà, ìyẹ̀fun dà sílẹ̀.

"Kòkòrò ti wọ̀ ọ́."

Mo ní tíìkì ni, igi tó lórúkọ pé kì í jẹrà. Wọ́n ní ọkàn igi àgbà ni kì í jẹrà, ẹ̀ka ọ̀dọ́ ò tíì ní ọkàn. Ìsàlẹ̀ èèpo ni kòkòrò ń yé ẹyin sí, torí ibẹ̀ ló tutù tó sì dùn. Bàbá wọn máa ń bó igi kó tó lò ó. Ọparun ní tiẹ̀, odò ni wọ́n ń kọ́kọ́ rì í sí kí adùn inú ẹ̀ lè jáde, wọ́n á wá gbé e sókè ààrò kí èéfín pa á lára dà. Wọ́n tún fi ìka han àárín ẹ̀ka mi tó ti ń tẹ̀. "Kan ìṣó kẹta." Mo ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn náà: tí àlàfo láàárín ìṣó méjì bá di ìlọ́po méjì, aṣọ á tẹ igi ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Wọn ò ṣírò kankan.

Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mí, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí lẹ́nu wọn. Ìgbà tí wọ́n ju ọparun nù, wọ́n ju ìmọ̀ yẹn náà sí kọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, a jọ jókòó síta, wọ́n bó èèpo igi náà pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná mi, mo fi sánpépà gbo ó. Ó ti padà sójú fèrèsé, pẹ̀lú ìṣó mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Tí àlejò bá bi ẹ́, sọ fún wọn pé o lówó irin o."